ẸNI TÓ DÁKẸ́, TARA RẸ̀ Á BÁ A DÁKẸ́: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ÌLERA ỌKÀN AKẸ́KỌ̀Ọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìlera lọrọ̀. Bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí èrò ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń lọ ni ibà, inú rírun àti ẹ̀jẹ̀ ríru. A kì í sábà rántí pé ọkàn pẹ̀lú ní ìlera tirẹ̀, pé ó lè ṣàìsàn gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ àti ikùn ti ń ṣàìsàn, àti pé ó ní ìtọ́jú. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ lo àyè tí a fún wa nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí láti jíròrò lórí ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, ìyẹn ni ìlera ọkàn akẹ́kọ̀ọ́.

Kò sí ẹni tí ó ti lo ọdún kan níbí tí kò mọ bí ilé ìgbé wa ti ń rí bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí ń ṣe “T.D.B.”, ìyẹn àwọn tí ń kàwé láti alẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, á kó ìwé, á kó aṣọ òtútù, wọ́n á gba kíláàsì lọ. Ẹlòmíràn á di obì sẹ́nu. Ẹlòmíràn á po kọfí ife mẹ́ta mu. Ọ̀dọ̀ máì-ṣáì tí ó wà lẹ́nu géètì kì í dá títí di òru. Àkókò yìí gan-an ni a máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bíi: “Orí mi ń gbóná”, “Mo ka ojú ìwé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò rí nǹkan kan dì mú”, “Ó ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú orí mi.”

Bí ẹnì kan bá sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí, ìdáhùn mẹ́ta ni ó sábà máa ń gbà. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é. Àwọn kan á sì rọra sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé orí rẹ̀ ti fẹ́ yí. Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó lè mú kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn pa ẹnu mọ́, kí ó sì máa dá ẹrù rẹ̀ gbé títí ọrùn rẹ̀ yóò fi wọ̀.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ ÌLERA ỌKÀN?

Ìlera ọkàn kì í ṣe kí ènìyàn máa rẹ́rìn-ín tọ̀sán-tòru. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ yá gágá a máa bínú, a máa sunkún bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù a sì máa bà á bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjì náà bá ti rékọjá, á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, á jẹun, á sùn, á sì bá ènìyàn gbé bí ó ti yẹ. Ìgbà tí ìbànújẹ́ tàbí ìbẹ̀rù bá jókòó ti ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí kò jẹ́ kí ó sùn, tí kò jẹ́ kí ó jẹun, tí kò sì jẹ́ kí ó lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ di ti àìsàn.

Àwọn baba ńlá wa mọ èyí dáadáa. Ẹ wo iye ọ̀nà tí èdè wa ní láti fi sọ ọ́: àyà mi ń já, ọkàn mi kò balẹ̀, inú mi bàjẹ́, ọkàn mi pòrúúrùu, ara mi kò lélẹ̀, ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí ó dúró sí. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ń bẹ̀rù ohun tí ń bọ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ń ro ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì kò rí ìdí tí òun yóò fi tún gbìyànjú mọ́. Wèrè yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Kódà, wọn kò da wèrè pàápàá pọ̀ mọ́ ara wọn: wọ́n ní abísínwín fún ìyá ọmọ tí ọkàn rẹ̀ dàrú lẹ́yìn ìbímọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé èyí ní ìdí tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń ka ìwé yìí ni a bí sí Kaduna, sí Kano, sí Jos tàbí sí Zaria níbí. Sábó ni a gbé dàgbà. Hausa ni a fi ń nájà, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kàwé, Yorùbá sì ni èyí tí bàbá àti ìyá fi ń pè wá wá jẹun, tí wọ́n sì fi ń bá wa wí. Nítorí náà, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a kà sílẹ̀ lókè yìí, èyí tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa ni wèrè. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ènìyàn ní fún gbogbo ohun tí ó lè ṣe ọkàn, ta ni yóò fẹ́ la ẹnu sọ pé nǹkan ń ṣe òun?

ÀÌSÀN TÍ ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́ FÚNRA WỌN SỌ LÓRÚKỌ

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, oníṣègùn ọpọlọ kan láti ilẹ̀ Kánádà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Raymond Prince ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá òun pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà. Orí ń gbóná wọn tàbí ó ń dùn wọ́n. Nǹkan ń rìn wọ́n lórí. Ojú wọn ń ṣe bàìbàì bí wọ́n bá ti ṣí ìwé. Wọ́n ń kàwé, kò yé wọn. Èyí tí ó sì yé wọn kò dúró. Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pè é ni “brain fag”, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ti rẹ ọpọlọ. Prince kọ àpilẹ̀kọ jáde lórí rẹ̀ ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira gan-an, orúkọ náà sì di mímọ̀ káàkiri àgbáyé. Ní 1994, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé atọ́nà wọn, lára àwọn àìsàn tí wọ́n ní ó jẹ mọ́ àṣà ibì kan pàtó.

Àwọn àgbàlagbà wa náà mọ ohun tí ó jọ ọ́. Wọ́n ń pè é ní ọdẹ orí. Ní 1987, oníṣègùn R. O. A. Makanjuola kọ̀wé lórí àwọn tí ọdẹ orí ń bá jà: nǹkan ń rìn káàkiri nínú orí wọn, ariwo ń dún létí wọn, àyà wọn sì ń já. Nígbà tí ó yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò fínnífínní, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ni ó wọ́pọ̀ lára wọn.

Kókó ọ̀rọ̀ wà níbí yìí. Nínú ẹ̀dà ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó jáde ní 2013, brain fag kò dá dúró lórúkọ ara rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n ní irọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń pa. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti wá rí ni pé, nínú púpọ̀ irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni ó ń gba inú ara sọ̀rọ̀. Ẹnu kò sọ ọ́, orí wá ń sọ ọ́.

Báwo ni èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀? Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ara kò mọ̀ bóyá ìdánwò ni tàbí ejò. Ohun kan náà ni yóò ṣe: àyà á máa lù kìkì, èémí á di kúkúrú, iṣan ọrùn àti ti orí á le koko, láti lè sá tàbí láti lè jà. Bí ejò bá ti lọ, ara á rọ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò kì í lọ bí ejò. Ó lè dúró ti ènìyàn fún oṣù mẹ́ta. Iṣan tí ó le fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ a máa di orí fífọ́. Èémí kúkúrú-kúkúrú a máa mú kí ìka ọwọ́, ètè àti awọ orí máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn ín. Ọpọlọ tí ó sì ń ṣọ́ ewu tọ̀sán-tòru, ibo ni yóò ti ráyè fún ẹ̀kọ́? Bí ẹni tí ọ̀ràn yìí ń ṣe bá ń gbé oògùn orí fífọ́ mì lójoojúmọ́, tí kò wá ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, ète ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá.

KÍ NI Ó Ń FÀ Á?

Ohun kìíní ni àìsùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé oorun ni ọ̀tá ìwé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìgbà tí a bá sùn ni ọpọlọ máa ń to ohun tí a kà lọ́sàn-án sí ààyè rẹ̀. Ẹni tí ó kàwé mọ́jú tí kò sùn dà bí ẹni tí ó kórè tí kò kó o sínú àká. Òjò ni yóò pa á. Obì àti kọfí tí a fi ń lé oorun, èròjà kan náà tí wọ́n ń pè ní kaféènì ni ó wà nínú àwọn méjèèjì. Ó ń lé oorun lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ó ń mú àyà já, ó sì ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún tí a ti mu ún, ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà nínú ara. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufemi Morakinyo ní Ilé-Ifẹ̀, tí ó kọ̀wé lórí brain fag ní 1980 àti 1985, ti tọ́ka sí àìsùn àti àwọn ohun amúnijí wọ̀nyí tipẹ́. Ní tiwa, àwọn kan ti fi obì sílẹ̀, wọ́n ti bọ́ sórí oògùn. Ọ̀ràn oògùn ikọ́ tí kódínì wà nínú rẹ̀ le débi pé ìjọba fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé ní 2018. Ẹni tí ó ń lo irú rẹ̀ láti fi kàwé ń yá owó tí èlé rẹ̀ ju owó náà lọ.

Èkejì ni ẹrù ẹbí. Kì í ṣe ìwé tiwa nìkan ni à ń kà. Bàbá ti ta ilẹ̀, ìyá ti kó àjọ, àwọn àbúrò mẹ́ta ń wo ojú wa pé bí a bá ṣe tán ni yóò kàn wọ́n. Ìfẹ́ ni gbogbo èyí, ó sì ń fún ènìyàn ní okun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé odidi ìdílé pọ̀n wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ó ṣòro kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má gbọ̀n. Bí “carry-over” kan bá wá wọlé, kì í ṣe iṣẹ́ kan ni ó gbé ṣubú lójú ara rẹ̀, ìdílé ni.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ tí kò dáni lójú. Láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Ní 2022, wọ́n tún wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, láti 14 oṣù Kejì títí di 14 oṣù Kẹwàá. A kò sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ó jẹ̀bi. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó ka iye ọdún tí òun yóò lò tí ó sì ṣì í kà nígbà méjì, tí àwọn ojúgbà rẹ̀ ti ṣègbéyàwó, tí àbúrò rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ti gba oyè ṣáájú rẹ̀, ó ní ìdí tí ọkàn rẹ̀ yóò fi rẹ̀wẹ̀sì.

Ẹ̀kẹrin ni ìbẹ̀rù àti ìdánìkanwà. Àwa tí a wà ní Òkè Ọya mọ ohun tí à ń wí. Àwọn òbí wa kò gbàgbé rògbòdìyàn Kaduna ní 2000 àti ti Jos ní 2001. Àwa náà kò gbàgbé ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kaduna tí wọ́n kọlù ní 28 oṣù Kẹta ọdún 2022. Ẹni tí ó bá ti la irú rẹ̀ já, tàbí tí ẹni rẹ̀ là á já, lè máa ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá dún gbàà, kí ó máa lá àlá búburú, kí ó máa yẹra fún ìrìn àjò. Bí ojú ọ̀nà bá sì ń bani lẹ́rù, ilé á jìnnà ju bí ó ti jìnnà lọ. Ènìyàn á wà ní ilé ìgbé láàrin ẹgbẹ̀rún ènìyàn, á sì dá wà.

ṢÉ Ọ̀LẸ NI, ÀBÍ AYÉ NI, ÀBÍ WÈRÈ?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdáhùn mẹ́ta tí a mẹ́nu bà.

Èkíní, ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ kì í sunkún nítorí pé kò lè kàwé. Ẹni tí ó jókòó ti ìwé fún wákàtí mẹ́fà tí kò rí nǹkan kan dì mú, iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà so èso. Bí a bá pè é ní ọ̀lẹ, á fi kún wákàtí rẹ̀, á dín oorun rẹ̀ kù, ọ̀ràn á sì burú sí i.

Èkejì, ayé. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ìjọ àti mọ́sáláṣí ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìdánìkanwà, àdúrà sì ń fi ọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ “ayé ló ń ṣe é” máa ń fà. Ẹni tí a bá sọ fún pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe é, á kọ́kọ́ sá fún ọ̀rẹ́. Lẹ́yìn náà á sá fún alábàágbé yàrá rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa fura sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí gan-an ni oògùn rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gbàdúrà, kí ó gbà á. Kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, wèrè. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀ràn tí a ń sọ yìí, kò sí wèrè níbẹ̀ rárá. Bí ó bá tilẹ̀ wá jẹ́ pé ọkàn ẹnì kan dàrú lóòótọ́, tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ibi tí a ti fi èyí han gbogbo ayé wà ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ̀KỌ́ TÍ ARÓ KỌ́ AYÉ

Nígbà ayé ìjọba amúnisìn, ibi ìkóniṣọ́ ni wọ́n kọ́ fún àwọn aláìsàn ọpọlọ. A dá ti Calabar sílẹ̀ ní 1904 àti ti Yábàá ní 1907. Ìdí tí wọ́n fi kó wọn síbẹ̀ ni kí wọ́n má bàa máa dà ìgboro láàmú. Ọ̀rọ̀ ìwòsàn kò tí ì sí níbẹ̀ nígbà náà.

Thomas Adeoye Lambo ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, a bí i ní 1923. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ ti ọpọlọ ní London kí ó tó padà sílé láti wá ṣe olórí ilé ìwòsàn Aró. Ní 1954, ó gbé ètò kan kalẹ̀ tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó bá àwọn ará abúlé tí ó yí Aró ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà kí àwọn aláìsàn wá máa gbé láàrin wọn. Àmọ́ aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Mọ̀lẹ́bí kan, bóyá ìyá ni, bóyá ẹ̀gbọ́n, gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ní ọ̀sán, aláìsàn á padà sí abúlé, á bá wọn ṣe oko, á bá wọn ṣeré, á jókòó níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́, nítorí wọ́n mọ ilé aláìsàn àti ìtàn rẹ̀ ju bí dókítà ti mọ̀ ọ́n lọ. Àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè wá wo ètò yìí. Nígbà tí ó yá, Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé. Ó dágbére fáyé ní 2004.

Kí ni Lambo rí? Ó rí ohun tí Yorùbá ti ń wí tipẹ́, pé ènìyàn laṣọ. Oògùn dára, abẹ́rẹ́ dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba oògùn tí kò ní ẹni tí yóò bá a jẹun ti gba ìdajì ìtọ́jú ni.

Ibòmíràn náà ti rí i. Ní Zimbabwe, àwọn Shona ní orúkọ kan, kufungisisa, tí ó túmọ̀ sí ìrònú àpọ̀jù. Ó jọ ohun tí à ń sọ yìí púpọ̀. Ní Harare, oníṣègùn ọpọlọ Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà ní iṣẹ́ kan. Wọ́n á jókòó lórí bẹ́ǹṣì onígi nínú ọgbà ilé ìwòsàn, ẹni tí ìrònú wọ̀ lọ́rùn á wá bá wọn níbẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe ni ohun tí wọ́n ń pè ní ṣíṣí ọkàn, ìyẹn ni pé ìyá àgbà á tẹ́tí, ẹni náà á sọ tẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ mú ìṣòro kan nínú ọ̀pọ̀, wọ́n á jọ wá ojútùú rẹ̀. Ìwádìí tí ó jáde ní 2016, tí ènìyàn 573 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí ó jókòó ti ìyá àgbà yá ju ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ìyá àgbà yìí kì í ṣe dókítà. Etí ni wọ́n ní, àti sùúrù.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ní ti ara ẹni:

(1) Kí a sùn. Wákàtí méje ó kéré tán, pàápàá ní alẹ́ tí ìdánwò ku ọ̀la. Bí T.D.B. bá di dandan, kí ó má tẹ̀ léra wọn. Kí obì àti kọfí tán lẹ́nu wa kí ilẹ̀ tó ṣú.

(2) Kí a bẹ̀rẹ̀ ìwé láti ọ̀sẹ̀ kìíní, díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ kan kọ́ ni a ń mọ Róòmù, ọjọ́ kan kọ́ ni a sì ń ka ìwé sáà kan. Kí a máa ka ogójì ìṣẹ́jú, kí a dìde, kí a rìn, kí a mu omi, kí a tó padà.

(3) Kí a jẹun, kí a sì máa lo ara. Kókó àti kósáì òwúrọ̀ kò wọ́n jù fún ẹni tí yóò gbé ọpọlọ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ a máa tú iṣan tí àníyàn ti dì.

(4) Kí a sọ̀rọ̀. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kò pọn dandan kí a sọ fún gbogbo ayé. Ẹnì kan tí ó ní ikùn ọ̀rọ̀ tó. Bí ẹnu bá wúwo, a lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Ẹ̀gbọ́n, ọkàn mi kò balẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.” Ọ̀rọ̀ Yorùbá wà fún un. Ẹ jẹ́ kí a lò ó.

Ní ti ẹlòmíràn, ìkíni wa ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Yorùbá mọ ìkíni púpọ̀. A ń béèrè ilé, a ń béèrè ọ̀nà, a ń béèrè ara. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kan náà ni gbogbo wa máa ń fọ̀: “Dáadáa ni, a dúpẹ́.” Ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta á ní dáadáa ni. Ẹni tí kò jẹun á ní a dúpẹ́. Ìwà ọmọlúàbí ni, a kì í fi ìṣòro lé ẹni tí ó kí wa lọ́wọ́. Nítorí náà, ìbéèrè kejì ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí a bá rí àbúrò wa kan tí kò wá sí ìpàdé mọ́, tí ó rù, tí kò fọ aṣọ, tí kò jáde ní yàrá, kí a kí i tán, kí a jókòó, kí a wá béèrè lẹ́ẹ̀kejì: “Àbúrò, bí nǹkan ṣe rí gan-an ń kọ́?” Lẹ́yìn náà kí a dákẹ́. Kí a má yára sọ pé ẹlòmíràn ń jìyà jù ú lọ. Kí a má sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ rẹ̀, àfi bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu.

Bí ẹnì kan bá ń sọ pé ayé sú òun, tí ó ń ní ó sàn kí òun kú, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù rẹ̀ fún ènìyàn, tàbí tí ó ń bá ohun tí a kò rí sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ìjókòó nìkan nìyẹn. Kí a bi í léèrè gbangba bóyá ó ń ro àtipa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kì í fi èrò náà sí ẹni tí kò ní i lórí, ó sábà máa ń tú u sílẹ̀ ni. Kí a má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Kí a kó oògùn apakòkòrò àti ohun olóró kúrò ní sàkáání rẹ̀. Kí a sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn, kí á má kàn júwe ọ̀nà fún un. Ilé ìwòsàn àpapọ̀ fún ìlera ọpọlọ wà ní Kaduna, ní Maiduguri, àti ní Kware lẹ́bàá Sokoto. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ sì wà ní ilé ìwòsàn ńlá tí ó jẹ́ ti yunifásítì ní Zaria, ní Kano àti ní Jos.

Òfin náà ti yí padà. Òfin tí a ń lò tẹ́lẹ̀ ti pẹ́ láti 1958, orúkọ “òfin àwọn aṣiwèrè” gan-an ni ó ń jẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọkàn, èyí tí ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú tí ó bọ̀wọ̀ fún un, tí ó sì ní kí a má fi àìsàn náà dù ú ní ohun tí ó tọ́ sí i. Bí òfin bá ti fi orúkọ náà sílẹ̀, ó yẹ kí ẹnu tiwa náà fi í sílẹ̀.

ẸGBẸ́ WA ŃKỌ́?

Ní Aró, mọ̀lẹ́bí ni ó bá aláìsàn lọ. Ní Harare, ìyá àgbà ni ó jókòó tì í. Àwa ńkọ́? Ìyá wà ní Kano, bàbá wà ní Jos, ìyá àgbà wà ní Òkè-Ogùn tí a ti rí i kẹ́yìn nígbà ìsìnkú bàbá àgbà. Ta ni yóò bá ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ sí ilé ìwòsàn lóru? Àwa náà ni. Kò sí ẹlòmíràn.

Nítorí náà, a dábàá pé kí ẹgbẹ́ yan ẹni méjì-méjì ní ilé ìgbé kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin àti obìnrin bí ó bá ti yẹ, tí orúkọ wọn yóò wà lára pátákó ìkéde, tí ọmọ ọdún kìíní lè kan ilẹ̀kùn wọn nígbàkigbà. Kí a pe ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ìlera ọkàn kí ó wá kọ́ wọn bí a ti ń tẹ́tí, àti ìgbà tí ó yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ìpàdé wa má jẹ́ ti ayẹyẹ ọdún, aṣọ ẹgbẹ́jọdá àti ìdìbò nìkan. Bí orúkọ ẹnì kan kò bá dún nínú ìwé ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, kí ẹnì kan lọ wò ó ní yàrá kí ìpàdé kẹta tó dé.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. A kú ìmúra ìdánwò o. Kí Elédùmarè fún wa ní ìfọ̀kànbalẹ̀, kí ó sì má jẹ́ kí a sọ ọ̀kankan nù nínú wa. Àṣẹ.